Òmìnira oníròyìn ní Benin: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù, àti ohun tí mo mọ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n ka àwọn ìwé ìròyìn Faransé láàárọ̀ kùtù, kí n wá sọ ohun tó wà nínú wọn ní Yorùbá lórí rédíò kékeré kan níbí ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń jẹun. Tí mo bá ti jáde ní stúdíò, bóyá lọ́jà Ouando ni o, bóyá lẹ́yìn ọ̀kadà zémì ni, ẹnì kan á ṣáà dá ohùn mi mọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní nǹkan. Ìbéèrè kan náà ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo wá kó wọn jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa dá yín lóhùn tá a bá jókòó.

Ṣé òfin tiẹ̀ fún oníròyìn lómìnira lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni?

Òfin fún un, ó sì wà ní àkọsílẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, abala 23 sọ pé oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ro èrò tirẹ̀ kó sì sọ ọ́ jáde. Abala 24 ló wá dárúkọ iṣẹ́ ìròyìn ní tààràtà, ó ní ìjọba mọ òmìnira rẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Àwọn ọmọdé òde òní ò mọ ibi tó ti wá. Nígbà ayé Ààrẹ Kérékou àti ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀, PRPB, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tó wà nílẹ̀ ni Ehuzu, ti ìjọba sì ni, ohun tí ìjọba bá fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ máa gbọ́. Ọdún 1988 ni La Gazette du Golfe jáde, ìwé ìròyìn aládàáni, nígbà tí ẹ̀rù ṣì ń ba gbogbo èèyàn. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wá wáyé ní oṣù kejì 1990, ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Ti rédíò pẹ́ díẹ̀, àfi ìgbà tí òfin 1997 jáde kí aládàáni tó lè gbé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀. Torí náà bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ohùn mi láàárọ̀, ọmọ òfin 1997 yẹn ni mí.

Bàbá àgbà kan ní Kétu ní nǹkan Òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, pé a kì í sọ̀rọ̀ sí ọba níwájú. Kí lẹ rí sí i?

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, àmọ́ Kétu gan-an ni mi ò ti lè gbà yẹn. Ṣé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti di ijó lásán ni? Alẹ́ tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde sójà, kí ló máa ń kọ lórin? Ó máa kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, lẹ́yìn náà á wá máa tú àṣírí, ìjòyè tó gba ilẹ̀ onílẹ̀, olówó tó jẹ owó ẹgbẹ́, ọkùnrin tó ń na ìyàwó ẹ̀, á kọ ọ́ lórin kẹ́nu gbogbo ìlú gbà á, ẹni tó ń bá wí á sì wà níbẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tó máa mú Ẹ̀fẹ̀ torí ohun tó kọ lórin. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú nílò ẹnì kan tó máa sọ òótọ́ láìfarapamọ́, wọ́n sì fún un ní ààbò. Kí ló tún kù nínú ohun tá à ń bèèrè lónìí?

Ti ìwé títẹ̀ gan-an, ó ti pẹ́ níbí. Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́ níbí ni, ó ń kọ̀wé tako ìwà àwọn Faransé láyé amúnisìn. Nígbà tí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1923 lórí owó orí, wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sí Mauritania, ó lo ọdún mẹ́wàá nínú aṣálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn náà wọ́n tún fa ìwé ìròyìn La Voix du Dahomey lọ sílé ẹjọ́, ọdún 1936 ni ìdájọ́ yẹn. Ẹ ò rí i pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan oníròyìn kì í ṣe tuntun.

Kí ni HAAC yìí gan-an? Ṣé ọlọ́pàá oníròyìn ni?

Haute Autorité de l'Audiovisuel et de la Communication ni, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìròyìn, òfin ìpìlẹ̀ ló dá a sílẹ̀, abala 142. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni kó dáàbò bo òmìnira ìròyìn. Ó tún gbọ́dọ̀ rí i pé oníròyìn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, pé gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ráyè lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Òun ló ń fún rédíò níwèé àṣẹ, òun ló ń fún wa ní káàdì.

Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú òfin 1992 tó tò ó: Ààrẹ yan mẹ́ta, ilé aṣòfin yan mẹ́ta, àwa oníròyìn dìbò yan mẹ́ta. Olórí wọn, ìjọba ló ń yàn án, lẹ́yìn tí Ààrẹ bá ti bá olórí ilé aṣòfin sọ̀rọ̀. Ẹ fúnra yín ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ kan náà bá di ilé aṣòfin mú tó sì wà lórí àlééfà, mélòó ló kù tó jẹ́ tiwa?

Mi ò sọ pé HAAC ò wúlò o. Mo ti rí i tí wọ́n pe rédíò tó ń fi èébú ẹ̀yà ṣeré, inú mi dùn sí i. Àmọ́ àjọ tó yẹ kó jẹ́ òrùlé fún wa ló tún ń tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ní oṣù kọkànlá 2016 wọ́n pa Sikka TV àti Soleil FM lẹ́nu mọ́. Ní oṣù keje 2020 wọ́n ní kí gbogbo ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò níwèé àṣẹ dákẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2023, wọ́n da iṣẹ́ La Gazette du Golfe dúró, ìwé ìròyìn, rédíò, gbogbo ẹ̀ pátá, wọ́n ní ó ń yin ìfipágbàjọba tó ṣẹlẹ̀ ní Niger. La Gazette tí mo sọ lókè yẹn náà ni o, tó jáde nígbà tí Ehuzu ṣì wà. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe torí pé mo gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ, àmọ́ torí pé tí ìwé kan bá ṣàṣìṣe, ìwé yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bá wí, kì í ṣe kẹ́ ẹ ti ilé mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lórí.

Tó bá jẹ́ pé òfin dára báyìí, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ju oníròyìn sẹ́wọ̀n?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà.

Òfin méjì ló wà. Èkíní, òfin ìròyìn, Code de l'information, ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2015. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi bẹ̀bẹ̀ fún un. Nínú ẹ̀, tí oníròyìn bá ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́, owó ìtanràn ló máa san, kì í lọ sẹ́wọ̀n. A jó, a yọ̀.

Èkejì wá dé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, Code du numérique, òfin tó wà fún gbogbo nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó fífi ránṣẹ́ lórí fóònù, àwọn oníjìbìtì, àwọn tó ń fi àwòrán ìhòhò halẹ̀ mọ́ ọmọge. Ohun tó dáa pọ̀ nínú ẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ abala 550 wà níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fi íntánẹ́ẹ̀tì yọ ẹnì kan lẹ́nu lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan sí ọdún méjì, kó tún san 500,000 sẹ́fà tó lè dé 10,000,000. Ó tún ní ẹni tó bá gbé ìròyìn èké nípa ẹnì kan jáde tàbí tó bá tàtaré ẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù kan sí mẹ́fà, àti 500,000 sí 1,000,000.

Ní báyìí ẹ sọ fún mi, ìwé ìròyìn wo ni kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí? Rédíò wa náà ní Facebook. Torí náà òfin 2015 ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n iwájú, òfin 2018 ṣí ti ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni wọ́n wá ń gbà mú wa.

Ẹ wo ti Ignace Sossou, oníròyìn Benin Web TV. Oṣù kejìlá 2019, wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fáwọn oníròyìn lórí ìròyìn èké, olùpẹ̀jọ́ ìjọba ní Cotonou wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Sossou kọ sórí Twitter àti Facebook ohun tó ní olùpẹ̀jọ́ yẹn sọ, nípa pípa tí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì àti nípa Code du numérique fúnra ẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ní ó já ọ̀rọ̀ òun gbà, kò gbé e kalẹ̀ bóun ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ 20 ni wọ́n mú un nílé, ọjọ́ 24, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù 18. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Ẹ̀sùn wo? Pé ó fi íntánẹ́ẹ̀tì yọ ènìyàn lẹ́nu. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù nígbà tó yá, oṣù mẹ́fà ló lò, ó jáde ní oṣù kẹfà 2020.

Mo ka ìròyìn yẹn lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì. Ohùn mi gbọ̀n. Ẹni tó kọ ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba sọ níwájú gbogbo èèyàn, tó bá jẹ́ pé ó kọ ọ́ sínú bébà nìkan, òfin 2015 ni wọn ì bá fi bá a ṣẹjọ́.

Ti Dowa níbí ńkọ́? Mo gbọ́ pé oníròyìn kan wọ gàù.

Bẹ́ẹ̀ ni, Virgile Ahouansè ti Crystal News. Òpin 2022 ló gbé ìròyìn jáde, níbi táwọn èèyàn ti sọ pé ọlọ́pàá pa àwọn kan ní Dowa, nínú Àjàṣẹ́ wa yìí, láìgbé wọn dé ilé ẹjọ́. Òun náà ni wọ́n pè. CRIET, ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 fún àwọn oníwà ìbàjẹ́ owó àti apániláyà, ló gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023 wọ́n ní ìròyìn èké ni, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún un, àmọ́ wọ́n ní kò ní lọ ṣe é, pẹ̀lú 200,000 sẹ́fà owó ìtanràn.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ilé ẹjọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Ìròyìn kan, kódà kó kù díẹ̀ káàtó, kí ló fi jọ tàwọn apániláyà?

Èmi ò kì í ṣe oníròyìn, WhatsApp nìkan ni mo ní. Kí ló kàn mí?

Ó kàn yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ o. Ẹ padà lọ wo abala 550: ẹni tó gbé e jáde *tàbí tó tàtaré ẹ̀*. Kò sọ pé oníròyìn. Ìyá tó ń ta aṣọ tí wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí nínú gúrúùpù ẹbí, tó sì tẹ̀ ẹ́ kọjá sí gúrúùpù ìjọ, òun náà ti tàtaré. Oníròyìn gan-an lè rí ẹgbẹ́ àti lọ́yà tó máa tẹ̀lé e lọ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ta ló máa tẹ̀lé ìyá aláṣọ?

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé "ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá", ẹ dá ọwọ́ dúró.

Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n jẹ́ káwọn oníròyìn máa parọ́ ni?

Rárá o. Irọ́ ń pààyàn. Ẹ rántí Ṣábẹ, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2021, ọjọ́ mẹ́ta sí ìbò ààrẹ, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ti dí títì tó lọ sókè ọ̀hún, sójà dé, wọ́n yìnbọn, èèyàn kú. Lọ́jọ́ yẹn mo ní àbúrò ìyá mi kan níbẹ̀, fóònù mi ò dákẹ́. Gbogbo ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ló ń sọ iye òkú tó yàtọ̀, àwọn kan fi fọ́tò tó ti wà tipẹ́ ránṣẹ́, àwọn kan ní sójà ti wọ ilé wọn nígbà tí kò sẹ́ni tó wọlé. Ẹ̀rù bà wá débi pé a ò mọ èyí tá a máa gbà gbọ́. Ohun tá a nílò nígbà yẹn ni rédíò tó lè dúró sí àárín Ṣábẹ, kó bá sójà sọ̀rọ̀, kó bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, kó lọ sí ọsibítù lọ ka iye èèyàn, kó wá sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ibi tẹ́rù bá ti ń ba rédíò, àhesọ ló máa gba ìjókòó ẹ̀.

Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó wà lára ògiri gbogbo stúdíò. Tá a bá ṣàṣìṣe, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí èsì, ká kà á sétí gbogbo ayé bá a ṣe ka ti àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó ìtanràn lórí ẹ̀, ẹ gbà á. Ẹ̀wọ̀n ni mo ní kò yẹ.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ìbò?

Òótọ́ ni, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìbò ilé aṣòfin. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan tó dùn mọ́ mi. Ní 2018 ìjọba ní ká máa san 5 sẹ́fà lórí mégà kọ̀ọ̀kan tá a bá fẹ́ lo WhatsApp tàbí Facebook. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ariwo sókè, #TaxePasMesMo, kò sí ìjà, kò sí òkúta. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn tó parí, ìjọba ti mú un kúrò. Ó ṣeé ṣe nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kí ló dé tí rédíò tiyín náà fi máa ń dákẹ́ nígbà míì?

Mi ò bínú. Ìbéèrè yìí ló le jù fún mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ìyá ní abúlé kan nítòsí ibí wá bá mi, wọ́n ní kànga ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì ìjọba kan ní òun ti gbẹ́ fún wọn, wọn ò rí i. Mo lọ síbẹ̀. Ihò tí wọ́n fi kóńkéré bò ni mo bá, kò sí ẹ̀rọ, kò sí omi. Mo gba ohùn àwọn ìyá yẹn, mo gba ti olórí abúlé, mo lọ sí ọ́fíìsì tó kàn, wọn ò dá mi lóhùn. Ìròyìn ti ṣetán. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àbúrò, ta ló ń san owó iná wa?" Ọ́fíìsì yẹn náà ló ń bá wa ṣàdéhùn ìpolówó lọ́dọọdún. Ìròyìn yẹn ò jáde títí dòní.

Kò sẹ́ni tó fòfin dè wá o. Kò sí ọlọ́pàá tó wá. A fọwọ́ ara wa bo ẹnu wa. Bí ìdákẹ́ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní rédíò kékeré nìyẹn, torí owó ìpolówó ìjọba ló pọ̀ jù nínú ohun tá à ń jẹ, àwọn oníṣòwò ò sì fẹ́ kí orúkọ wọn wà níbi tọ́rọ̀ bá ti gbóná. Mo ṣì máa ń rí ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn lọ́jà. Ó máa ń kí mi dáadáa. Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Tí ilé ẹjọ́ níbí bá ṣe ohun tí kò tọ́, ṣé kò síbi tá a lè gbé e lọ?

Ibì kan wà tó ti sún mọ́ wa tẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha. Ọmọ Burkina Faso kan, Lohé Issa Konaté, ni wọ́n jù sẹ́wọ̀n ọdún kan torí ohun tó kọ nípa olùpẹ̀jọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ yẹn ní kò tọ́ láti máa fi ẹ̀wọ̀n jẹ oníròyìn níyà torí ìbanilórúkọjẹ́, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ burúkú gidi bíi kéèyàn máa rọ aráàlú pé kí wọ́n pa ara wọn. Ẹ wo bó ṣe jọ tiwa.

Àmọ́ ní oṣù kẹta 2020, ìjọba Benin yọwọ́ kúrò nínú ìwé tó fàyè gba aráàlú láti lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Ó dùn mí ju gbogbo òfin tó kù lọ. Ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ wa ni Cour constitutionnelle, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, tí aráàlú èyíkéyìí lè kọ̀wé sí ní tààràtà pé òfin kan tako òfin ìpìlẹ̀. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ò nírú ẹ̀.

Àwọn tó bá sá jáde ńkọ́, ṣé ọkàn wọn balẹ̀?

Kò dájú mọ́. Hugues Sossoukpè, olórí ìwé ìròyìn Olofofo (àwa Yorùbá ò nílò kẹ́nì kan túmọ̀ orúkọ yẹn fún wa), ti kúrò nílùú láti 2019. Ní oṣù keje 2025 ó lọ sí Abidjan, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un tí wọ́n sì gbé e wá sí Benin, ó tún di iwájú CRIET. Mi ò fara mọ́ gbogbo ohun tí ìwé ẹ̀ ń kọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi òfin ìròyìn bá a ṣẹjọ́.

Ipò kelòó ni Benin wà lágbàáyé nínú òmìnira oníròyìn?

Nínú orílẹ̀-èdè 180 tí Reporters sans frontières, àjọ tó ń jà fún òmìnira oníròyìn, ń tò, a wà ní 121 ní 2022, a gòkè sí 89 ní 2024, a tún bọ́ sí 92 ní 2025.

Tí wọ́n bá pè mí sí kọmisáríà lórí ohun tí mo kọ, kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ, ẹ má sá. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé kẹ́ ẹ tó jáde, ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti aago tẹ́ ẹ kúrò. Ẹ bèèrè lọ́yà, ẹ má buwọ́ lu ìwé tẹ́ ẹ ò kà yé, tó bá jẹ́ Faransé tí kò yé yín, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀. Ẹ má pa ohun tẹ́ ẹ kọ rẹ́ torí ìbẹ̀rù, òun ni ẹ̀rí yín. Abala 18 nínú òfin ìpìlẹ̀ sọ pé wọn ò lè tì yín mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìgbé yín dé iwájú adájọ́, kò sì lè kọjá ọjọ́ mẹ́jọ bó ti wù kó rí. Ẹ mọ nọ́ńbà yẹn sórí, 48.

Mo rí nǹkan kan ládùúgbò wa, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí yín?

Ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n mọ èyí tẹ́ ẹ fojú ara yín rí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún yín. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí orúkọ yín jáde, ẹ tètè sọ, mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi ni, ẹ ya fọ́tò kànga náà kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, mo máa wá.